Ṣé òfin gbà kí onílé fúnra rẹ̀ pààrọ̀ hítà iná ní England?

Ìyá_Ìbejì_Thamesmead

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ kan. Fúláàtì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ rà yìí, kò sí gáàsì nínú rẹ̀ rárá, iná mànàmáná la fi ń mú un gbóná. Storage heater ràgàjì méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan ní pálọ̀, ọ̀kan ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Panel heater pẹlẹbẹ kan wà ní yàrá àwọn ọmọ, èyí tó máa ń fẹ́ atẹ́gùn gbígbóná sì wà lókè ilẹ̀kùn balùwẹ̀. Ti yàrá àwọn ọmọ ti kú pátápátá. Èyí tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà ò gbóná mọ́.

Ọkọ mi ní òun máa ra tuntun, òun á sì fúnra òun gbé e kọ́. Ó mọ iṣẹ́ ọwọ́ díẹ̀ lóòótọ́, òun ló kun gbogbo ilé. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ti dẹ́rù bà mí. Wọ́n ní ẹ̀wọ̀n ni, pé láti 2005 ni ìjọba ti ṣòfin pé ẹni tí kò bá níwèé àṣẹ kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan wáyà, kódà nínú ilé ara rẹ̀. Ṣé òótọ́ ni? Mi ò fẹ́ wàhálà káńsù, mi ò sì fẹ́ kí iná jó wa mọ́lé.

AráLewisham

Ẹ pe oníṣẹ́ iná jàre. Ìlú Ọba kọ́ ni ibi téèyàn ti ń gun àkàbà lọ so wáyà mọ́ òpó fúnra ẹ̀.

Oníná_Kent

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ilé tuntun o, á tura fún yín. Iṣẹ́ iná ni mò ń ṣe jẹun níbí, orúkọ mi sì wà lọ́dọ̀ NICEIC, ẹgbẹ́ tó ń forúkọ àwọn oníṣẹ́ iná sílẹ̀, nítorí náà ẹ lè máa retí pé màá ní kí gbogbo yín máa pe irú mi. Ṣùgbọ́n ìdajì ọ̀rọ̀ ni ẹ̀gbọ́n ṣọ́ọ̀ṣì yẹn gbọ́.

Òfin tí wọ́n ń sọ ni Part P. Ó wà nínú Building Regulations, ìyẹn òfin ilé kíkọ́, ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2005 ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní England àti Wales. Kò sí ibì kankan nínú rẹ̀ tó ti sọ pé onílé kò gbọdọ̀ ṣe iṣẹ́ iná nínú ilé ara rẹ̀. Ohun tó kọ́kọ́ sọ ni pé iṣẹ́ iná yòówù kó jẹ́, ẹni yòówù kó ṣe é, ó gbọdọ̀ rí bẹ́ẹ̀ tí kò ní dáná sun ilé, tí kò sì ní ṣe ẹnikẹ́ni léṣe. Lẹ́yìn ìyẹn ló wá ya àwọn iṣẹ́ kan sọ́tọ̀ tí a gbọdọ̀ fi tó building control létí, ìyẹn àwọn tó ń bójú tó òfin ilé kíkọ́.

Àwọn iṣẹ́ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ yìí pọ̀ tẹ́lẹ̀. Láti oṣù kẹrin 2013, ìjọba dín wọn kù ní England. Ohun tó kù ni: kéèyàn fa sákíìtì tuntun láti àpótí fíúùsì, kéèyàn pààrọ̀ àpótí fíúùsì fúnra rẹ̀, àti kéèyàn fi nǹkan kún sákíìtì tàbí kó yí i padà ní ẹ̀gbẹ́ báàfù tàbí ṣáwà, tàbí nínú yàrá tí adágún ìwẹ̀ tàbí hítà sauna wà. Ó tán. Ìwé tí ìjọba fi ṣàlàyé òfin náà sọ ọ́ kedere pé àtúnṣe, ìtọ́jú àti pípààrọ̀ ohun tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀, níbikíbi nínú ilé, kò sí lára ohun tí à ń fi tó wọn létí.

Nítorí náà, panel heater yàrá àwọn ọmọ: kí wọ́n yọ èyí tó kú, kí wọ́n fi tuntun sí ojú ibẹ̀, lórí wáyà kan náà àti súwíìṣì kan náà. Bàbá Ìbejì lè ṣe é lónìí, wọn ò jẹ káńsù ní gbèsè ìwé kankan. Ti storage heater yẹn ni ká fara balẹ̀ sí, ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀.

AráLewisham

Wọn ò wá ní mú èèyàn?

Ọmọ_Ẹ̀gbá_Manchester

Ẹ̀gbọ́n, wọn ò ní mú èèyàn nítorí pé ó pààrọ̀ hítà. Ẹni tí wọ́n lè gbé lọ sílé ẹjọ́ ni ẹni tó ṣe iṣẹ́ tó yẹ kó sọ fún wọn, tó dákẹ́, tàbí tí iṣẹ́ tó ṣe léwu. Owó ìtanràn ni wọ́n sábà máa ń dá fún irú ẹni bẹ́ẹ̀, káńsù sì lè pàṣẹ pé kó tú u kúrò tàbí kó tún un ṣe.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀. Bó bá tiẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ tí a gbọdọ̀ fi tó wọn létí, bíi sákíìtì tuntun, òfin ò ní kí onílé má ṣe é. Ọ̀nà mẹ́ta ló wà. O lè pe ẹni tó ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ẹgbẹ́ bíi NICEIC tàbí NAPIT. Òun fúnra rẹ̀ á ṣe é, á yẹ̀ ẹ́ wò, á sì bá ọ fi tó wọn létí. O lè ṣe é fúnra rẹ, kí o sì gba ẹni tí wọ́n fún láṣẹ láti yẹ iṣẹ́ ẹlòmíràn wò, ṣùgbọ́n kó o tó bẹ̀rẹ̀ ni kó o ti gbà á, kó o sì sọ fún un láàárín ọjọ́ márùn-ún tí iṣẹ́ bá parí. Tàbí kó o kọ̀wé sí building control káńsù rẹ kó o tó fọwọ́ kan nǹkan kan, kó o sanwó, kí wọ́n wá wò ó.

Ọ̀nà kẹta yìí ni mo gbà nígbà tí mo fa iná lọ sí ṣẹ́ẹ̀dì ẹ̀yìn ilé mi. Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n owó tí káńsù gbà lọ́wọ́ mi ò jìnnà sí owó tí oníṣẹ́ ì bá gbà láti ṣe gbogbo ẹ̀. Ibẹ̀ ni ojú mi ti là.

Adéorí_Leeds

Èmi tiẹ̀ rò pé gbogbo nǹkan tó jẹ mọ́ mímú ilé gbóná, dandan ni kó jẹ́ ẹni tó níwèé. Àbí ti gáàsì ni mò ń rò?

Oníná_Kent

Ti gáàsì ni ẹ ń rò. Ẹni tó bá ń fi iṣẹ́ gáàsì ṣòwò gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé Gas Safe Register, tó gba ipò ìwé orúkọ àtijọ́ tí wọ́n ń pè ní CORGI ní oṣù kẹrin 2009. Ọ̀rọ̀ iná yàtọ̀. Àwọn èèyàn á gbọ́ ti gáàsì, wọ́n á fi lé iná lórí, ni ẹ̀rù á bá máa ba gbogbo ayé.

Ibì kan tó tún jọ bẹ́ẹ̀ ni tanki omi gbígbóná. Bó bá jẹ́ irú tí omi ẹ̀rọ ń ti wọ inú rẹ̀ tààrà, tí kò ní tanki kékeré lókè àjà, Part G, apá mìíràn nínú Building Regulations, ló ń darí ìyẹn, ẹni tó kọ́ nípa rẹ̀ ni kẹ́ ẹ pè. Omi gbígbóná tó há sínú irin lè bú gbàmù. Ẹ má fi ìyẹn wé hítà ara ògiri o.

Ìyá_Ìbejì_Thamesmead

Ọlọ́run á bù kún yín. Ọkọ mi ń ka èyí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ti ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tó borí ẹjọ́. Ó ní kí n béèrè: èyí tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ràgàjì yẹn, òun fẹ́ yọ ọ́ dànù, kí òun ra panel heater bíi ti yàrá ọmọ, kí òun so ó mọ́ ojú wáyà kan náà. Ṣé pípààrọ̀ kọ́ nìyẹn?

Oníná_Kent

Ibi tí mo ní ká fara balẹ̀ sí nìyí. Ẹ sọ fún wọn kí wọ́n má tíì lọ sọ́jà.

Bíríkì ló kún inú storage heater. Lóru, tí iná bá pọ́ọ́kú, iná á yan àwọn bíríkì yẹn. Lọ́sàn-án wọ́n á máa tú ooru náà sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ètò Economy 7, tó ti wà láti 1978, ni wọ́n tìtorí rẹ̀ kó wọn sínú ọ̀pọ̀ fúláàtì káńsù: wákàtí méje lóru ni iná fi ń dínwó. Ohun tí èyí wá fà ni pé nínú ọ̀pọ̀ irú ilé yín, àpótí fíúùsì méjì ló ń wà. Ọ̀kan ń gba iná tọ̀sán-tòru, òun ló ń gbé sọ́kẹ́ẹ̀tì àti gílóòbù. Èkejì kì í ní iná rárá àfi lóru, ọ̀dọ̀ rẹ̀ sì ni wáyà storage heater ti ń wá.

Bí wọ́n bá so panel heater mọ́ wáyà yẹn, building control ò ní bá wọn wí. Ṣùgbọ́n á máa gbóná ní agogo méjì òru, nígbà tí gbogbo yín ti sùn, á sì tutù rinrin nígbà tí àwọn ọmọ bá dé láti iléèwé. Mo ti dé ilé tí wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀, tí onílé ti dá hítà tuntun padà fún ọlọ́jà pé ayédèrú ni wọ́n tà fún òun.

Bí wọ́n bá wá ní àwọn á fa wáyà fún un láti àpótí tọ̀sán-tòru, sákíìtì tuntun nìyẹn. Ó ti kúrò ní pípààrọ̀, ó ti di ohun tí à ń fi tó wọn létí.

Àwọn storage heater òde òní náà, irú èyí tó ní fáànù àti kọ̀ǹpútà kékeré nínú, púpọ̀ nínú wọn ń béèrè wáyà méjì: ọ̀kan ti òru láti fi yan bíríkì, ọ̀kan tọ̀sán-tòru fún fáànù àti agogo rẹ̀. Ẹni tó bá ti ní wáyà kan péré lára ògiri, tó fẹ́ gbé irú rẹ̀ síbẹ̀, ó ń lọ fa sákíìtì tuntun nìyẹn náà. Ẹ ka ìwé tó bá hítà wá kẹ́ ẹ tó sanwó. Orí ayélujára ni gbogbo wọn wà, ọ̀fẹ́ ni.

Ọmọ_Ẹ̀gbá_Manchester

Ọ̀nà kan tún wà tí kì í ṣe sákíìtì tuntun: kéèyàn ya wáyà láti ara sọ́kẹ́ẹ̀tì tó wà nítòsí, kó fi ojúkò tó ní fíúùsì sí i, kó wá so hítà mọ́ ọn. Àfikún sí sákíìtì tó ti wà ni, ní England kò sí lára ohun tí à ń fi tó wọn létí bí kò bá sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ báàfù.

Oníná_Kent

Òótọ́ ni àbúrò mi sọ, ṣùgbọ́n ẹ ṣírò rẹ̀. Hítà 2 kW ń fa nǹkan bíi 9A. Sákíìtì sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé, 32A ló sábà máa ń jẹ́. Bẹ́ ẹ bá ya hítà mẹ́ta kúrò lára rẹ̀, kẹ́ẹ̀tù àti ẹ̀rọ ìfọṣọ tún wà lórí rẹ̀, àpótí á máa já lójoojúmọ́. Fún ẹyọ kan, ó dáa. Fún gbogbo ilé, rárá.

Ẹ tún rántí pé iná ọ̀sán ni panel heater ń jẹ, lórí ètò Economy 7, iná ọ̀sán sì wọ́n ju ti ẹlòmíràn lọ. Ẹni tó bá yọ gbogbo storage heater rẹ̀, tó fi panel heater rọ́pò wọn láìpààrọ̀ ètò tó ń san, bíìlì ló máa sọ fún un.

Bàbá_Glasgow

Ìyá Ìbejì, kẹ́ ẹ tó ní hítà ọ̀dẹ̀dẹ̀ ti kú, ṣé ẹ ti wo mítà yín? Ọ̀pọ̀ mítà àtijọ́ ló jẹ́ pé àmì rédíò ló ń sọ fún wọn pé òru ti dé. Orí ìgbì gígùn BBC Radio 4 ni àmì yẹn ń gbà wá, 198 kHz. Láti 30 oṣù kẹfà 2025 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í pa á, àdúgbò kan tẹ̀lé òmíràn. Ẹni tí mítà rẹ̀ ò bá gbọ́ àmì mọ́, storage heater rẹ̀ lè má gbóná mọ́, tàbí kó máa gbóná lásìkò tí iná wọ́n. Ẹni tó ń tà yín níná ló máa pààrọ̀ mítà, wọn kì í sì í gba owó rẹ̀.

Ìyá_Ìbejì_Thamesmead

Ẹ ṣeun sà. Smart meter la bá níbẹ̀. Ti pálọ̀ ń gbóná dáadáa, ti ọ̀dẹ̀dẹ̀ nìkan ni kò gbóná.

Oníná_Kent

Bó bá jẹ́ ọ̀kan péré, hítà yẹn fúnra rẹ̀ tàbí súwíìṣì rẹ̀ ló ní àrùn. Ó lè jẹ́ pé ohun tó ń já bó bá gbóná jù ló ti já, ó sì lè jẹ́ pé wáyà tó ń yan bíríkì nínú rẹ̀ ló ti gé. Méjèèjì ṣeé rà fún ọ̀pọ̀ hítà tó ṣì wà lọ́jà, wọn ò tó owó hítà tuntun. Ẹ má jù ú nù kẹ́ ẹ tó mọ̀.

Adéorí_Leeds

Kí ló dé tí ẹ ò kàn ra èyí tó ní púlọ́ọ̀gì, kẹ́ ẹ tì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì? Ìjàngbọ̀n tán.

Ọmọ_Ẹ̀gbá_Manchester

Fún yàrá kan, èmi náà á sọ bẹ́ẹ̀. Púlọ́ọ̀gì ibí ò gbà ju 13A lọ, ìyẹn 3 kW gẹ́ẹ́rẹ́, hítà yàrá kì í sì í tó bẹ́ẹ̀. Kò sí òfin kankan tó kan títi púlọ́ọ̀gì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ẹ má kàn fi wáyà ìfàgùn sí i láàárín, ẹ má sì gbé e sí abẹ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì gan-an, nítorí ooru tó ń lọ sókè. Ìwé tó bá ọ̀pọ̀ hítà wá kà á léèwọ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́_Cardiff

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, èmi ayálégbé ńkọ́? Wales ni mo wà. Hítà yàrá mi ò ṣiṣẹ́, lándílọ́ọ̀dù ní kí n ra òmíràn kí n sì gbé e kọ́.

Lọ́yà_Ilé_Essex

Àbúrò, má fọwọ́ kàn án. Hítà ara ògiri ti onílé ni, àtúnṣe rẹ̀ sì wà lọ́rùn onílé. Ní England, Landlord and Tenant Act 1985 ló sọ bẹ́ẹ̀, ní apá kọkànlá. Ní Wales tí o wà, Renting Homes (Wales) Act 2016 ló dípò rẹ̀ láti oṣù kejìlá 2022, ohun kan náà ló sọ: onílé ló gbọ́dọ̀ máa tún ohun tó ń mú ilé gbóná ṣe. Kọ ọ́ sí i nínú ímeèlì, kì í ṣe lórí fóònù, kí déètì lè wà níbẹ̀. Ẹ̀yin onílé tó wà ní Wales náà, ẹ má tẹ̀lé ohun tí àwọn ará England ń sọ níbí pátápátá. Ìdínkù ti 2013 yẹn ò kan Wales, iṣẹ́ tí ẹ gbọdọ̀ fi tó wọn létí pọ̀ ju ti England lọ, pàápàá nínú ilé ìdáná.

Bàbá_Glasgow

Scotland náà kò sí lábẹ́ Part P. Òfin tiwa dá dúró, Building (Scotland) Act 2003, ọ̀dọ̀ wa building warrant, ìyẹn ìwé àṣẹ ìkọ́lé, là ń béèrè fún àwọn iṣẹ́ ńlá. Ẹni tó bá wà níbí, kó pe káńsù rẹ̀ kó bi wọ́n.

Ìyá_Ìbejì_Thamesmead

Lọ́yà, ẹ kú iṣẹ́ mà. Fúláàtì lease ni tiwa o, ìyẹn àdéhùn ọlọ́dún gbọọrọ pẹ̀lú ẹni tó ni ilẹ̀, káńsù ló ní ilẹ̀ nígbà kan kó tó bọ́ sọ́wọ́ ẹgbẹ́ ilé. Ṣé ìyẹn kan ọ̀rọ̀ hítà?

Lọ́yà_Ilé_Essex

Ó lè kàn án. Ẹ gbé lease yín jáde, kẹ́ ẹ wá ibi tó ti sọ̀rọ̀ nípa àyípadà. Àwọn mìíràn ò ní wàhálà pẹ̀lú hítà inú fúláàtì. Àwọn mìíràn ní kẹ́ ẹ gba ìwé àṣẹ kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun tó jẹ mọ́ iná. Part P lè gbà yín láyè kí lease má gbà yín. Àdéhùn ìnṣọ́ránsì ilé náà, ẹ kà á.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ tà, fọ́ọ̀mù kan wà tí olùtajà ń kún, TA6. Ó ti pẹ́ tí ìbéèrè nípa iṣẹ́ iná tí wọ́n ṣe nínú ilé láti 1 oṣù kìíní 2005 ti wà lórí rẹ̀, pẹ̀lú ìwé tó bá a lọ. Fún hítà tí ẹ kàn pààrọ̀, ẹ lè sọ pé pípààrọ̀ ni, kò gba ìwé. Bó bá jẹ́ sákíìtì tuntun tí kò níwèé, lọ́yà ẹni tó ń rà á á dá iṣẹ́ dúró. Ojoojúmọ́ ni mò ń rí i. Ọ̀nà àbáyọ wà, ìwé tí wọ́n ń pè ní regularisation certificate. Káńsù á wá wo iṣẹ́ tó ti parí, wọ́n á gbowó, wọ́n sì lè ní kẹ́ ẹ tú ògiri kí àwọn lè rí wáyà. Èèyàn kì í fẹ́ dé ibẹ̀ nígbà tí ẹni tó ń ra ilé ti ń kánjú.

AráLewisham

Ti balùwẹ̀ ńkọ́? Ẹ ti gbàgbé ìyẹn.

Oníná_Kent

Mi ò gbàgbé. Hítà tó wà lókè ilẹ̀kùn balùwẹ̀, bí wọ́n bá pààrọ̀ rẹ̀ sí ojú ibẹ̀ gan-an, pípààrọ̀ ṣì ni, kò gba ìwé. Bí wọ́n bá fẹ́ gbé e súnmọ́ báàfù, ọ̀rọ̀ yí padà. Àyè tí òfin ń ṣọ́ ni 0.6 m sí etí báàfù tàbí àwo ṣáwà, láti ilẹ̀ dé 2.25 m lókè, tàbí dé ibi tí orí ṣáwà wà bó bá ga jù bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ ṣáwà tí kò ní àwo, 1.2 m láti ìdí orí ṣáwà ni. Nínú àyè yẹn, àfikún tàbí àyípadà gbọ́dọ̀ dé etí building control. Hítà tó bá máa wà níbẹ̀ sì gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí omi tó ta sí i kò lè ṣe ní nǹkan kan, wọ́n á kọ IPX4 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sí i lára.

Èrò tèmi nìyí, kì í ṣe òfin: bí àpótí fíúùsì yín ò bá ní RCD, ẹ jẹ́ kí oníṣẹ́ ṣe ti balùwẹ̀. RCD ni ohun èlò tó ní bọ́tìnnì kékeré tí wọ́n kọ TEST sí lára, tó ń já kíákíá bí iná bá gba ara èèyàn. Ara tó tutù àti iná kì í ṣe ọ̀rẹ́.

Ó wá ku bí wọ́n á ṣe ṣe ti yàrá àwọn ọmọ. Bàbá Ìbejì, ẹ̀yin gan-an ni mò ń bá sọ̀rọ̀ báyìí. Súwíìṣì ẹ̀gbẹ́ hítà nìkan ò tó láti pa. Ẹ pa á láti àpótí fíúùsì, kẹ́ ẹ sì ṣe é kí ẹlòmíràn má lè tàn án nígbà tí ọwọ́ yín wà nínú wáyà. Àpótí méjì ni mo ní ó lè wà, nítorí náà ẹ mọ èyí tó ń gbé hítà yẹn. Ẹ fi ohun èlò oníwáyà méjì tó ń wọn iná yẹ̀ ẹ́ wò pé iná ti lọ lóòótọ́: ẹ kọ́kọ́ gbé e lé ohun tí ẹ mọ̀ pé iná wà nínú rẹ̀, ẹ gbé e lé ti hítà, kẹ́ ẹ tún padà gbé e lé ti àkọ́kọ́. Ẹ má gbọ́kàn lé kálámù tó ń tan iná pupa láìfọwọ́kan wáyà. Ó ń purọ́.

Bí ilé bá ti pẹ́, wáyà inú ògiri lè jẹ́ pupa àti dúdú. Pupa ni brown òde òní, dúdú ni blue. Ọdún 2004 ni àwọ̀ tuntun wọlé, láti oṣù kẹrin 2006 ló ti di dandan fún iṣẹ́ tuntun. Wáyà ilẹ̀, èyí tó ní àwọ̀ ewé àti yẹ́lò, ẹ má ṣe gé e dànù láé bí hítà tuntun bá ní ojú ibi tí wọ́n ń so ó mọ́. Bí hítà tuntun bá wá jẹ́ èyí tí kò nílò wáyà ilẹ̀, ẹ fi ìdérí bo ẹnu rẹ̀, kẹ́ ẹ fi í sílẹ̀ nínú àpótí ògiri.

Ẹ wo fíúùsì. Panel heater 2 kW ń fẹ́ 13A. Bí ìwé hítà bá sọ pé kó gba orí ojúkò tó ní fíúùsì, tó sì jẹ́ súwíìṣì 20A tí kò ní fíúùsì lẹ bá lára ògiri, kẹ́ ẹ pààrọ̀ ìyẹn náà. Òdìkejì rẹ̀ ló wá burú: storage heater 3.4 kW ń fa nǹkan bíi 15A, kò gbọdọ̀ gba orí fíúùsì 13A. Mo ti rí èyí tó ti yọ́ bí ìpara.

Nígbà tí wọ́n bá ń lu ihò fún irin ìgbékọ́, kí wọ́n má lu ògiri ní ọ̀gangan òkè tàbí ìsàlẹ̀ súwíìṣì, tàbí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ gbọọrọ. Ojú ọ̀nà tí wáyà ń gbà nìyẹn.

Ohun kan kù lọ́jà: láti oṣù kìíní 2018, hítà iná ara ògiri tó bá jẹ́ tuntun gbọ́dọ̀ ní agogo àti ohun tó ń wọn ooru yàrá. Bí ẹnikẹ́ni bá ń ta èyí tí kò ní ju bọ́tìnnì kan lọ fún yín pé ó pọ́ọ́kú, ẹrù àtijọ́ ni.

Ọmọ_Ẹ̀gbá_Manchester

Bó bá wá di pé wọ́n máa yọ storage heater lóòótọ́, kí wọ́n pa á, kí wọ́n fi í sílẹ̀ ó kéré tán odidi ọjọ́ kan kó tó tutù. Àwọn bíríkì yẹn ń mú ooru dání. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan ni kí wọ́n yọ wọ́n, kí wọ́n má gbìyànjú láti gbé gbogbo ẹ̀ pa pọ̀. Àwọn ńlá ń kọjá 100 kg. Ibi ìdalẹ̀nù káńsù á gbà á, ṣùgbọ́n ẹ pè wọ́n ṣáájú.

Bàbá_Glasgow

Bí hítà náà bá dà bí ẹni pé láti ọdún 1960 sí àárín 1970 ló ti wà níbẹ̀, kí wọ́n má tiẹ̀ ṣí i. Asbestos wà nínú àwọn kan nínú wọn nígbà yẹn. Orúkọ àti nọ́ńbà rẹ̀ wà lára irin ẹ̀gbẹ́, kí wọ́n fi béèrè lọ́wọ́ káńsù.

Ìyá_Ìbejì_Thamesmead

Ẹ̀yin àgbà, ẹ ṣeun, ọmọ yín á sìn yín. Ohun tí a fẹnu kò sí rèé: ọkọ mi máa pààrọ̀ ti yàrá àwọn ọmọ fúnra ẹ̀ ní ọjọ́ Sátidé, lẹ́yìn tó bá ra ohun èlò ìwọ̀nná tí ẹ sọ yẹn. Ti ọ̀dẹ̀dẹ̀, oníṣẹ́ ló máa wá wò ó bóyá ó ṣeé tún ṣe, kí ó sì sọ fún wa bí a ṣe máa ṣe ti balùwẹ̀. Lease ti wà lórí tábìlì, mo ti ń kà á. Ẹni tó bá mọ oníṣẹ́ dáadáa ní SE28, kó fi nọ́ńbà rẹ̀ ránṣẹ́.

Alámòójútó

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi nọ́ńbà ẹnikẹ́ni sí ojútáyé níbí. Orúkọ gbogbo àwọn tó ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ NICEIC àti NAPIT wà lórí ìkànnì wọn, ẹ tẹ postcode yín sí i.

Oníná_Kent

Bó bá dé, ẹ ní kó fi káàdì rẹ̀ hàn yín, kẹ́ ẹ fi nọ́ńbà orí rẹ̀ wá a lórí ìkànnì ẹgbẹ́ rẹ̀. Orúkọ ilé iṣẹ́ lára ọkọ̀ ò tó. Bó bá fa sákíìtì tuntun fún yín, ìwé tó jẹ́ ti Building Regulations gbọ́dọ̀ tẹ̀ yín lọ́wọ́ láàárín 30 ọjọ́. Bí kò bá dé, ẹgbẹ́ rẹ̀ ni kẹ́ ẹ pè.